Ta Ni Ó Ni Ìwé Oògùn? Ìtàn Owó Tí Ó Fara Sin Láàrin Ẹni Tí Ń Kọ Oògùn àti Ẹni Tí Ń Tà Á

Nígbà tí mo fi orí ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa, ẹnì kan bi mí léèrè pé kí ló kan òpìtàn nínú oògùn tí àwọn ènìyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè náà tọ́. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹ̀rọ lọ. Ìjà tí ó wà nídìí rẹ̀ ti lé ní 700 ọdún, àwọn tí ó sì kọ́kọ́ jà á kò mọ iná mànàmáná rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lónìí ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gbilẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé obìnrin kan wà tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń ṣiṣẹ́ lóru, tí kò sì ráyè lọ rí dókítà lọ́sàn-án. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wọ ilé ìwòsàn kan tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, ó dáhùn ìbéèrè bíi mélòó kan, ó sì san owó táṣẹ́rẹ́. Wọ́n sì lè sọ fún un pàápàá pé ọ̀fẹ́ ni ìyẹ̀wò. Dókítà kan tí kò fi ojú rí i kọ oògùn fún un. Títí dé ibi yìí, ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kò gba ìwé kankan sọ́wọ́. Ìwé oògùn náà ti gba inú ẹ̀rọ lọ sí ilé oògùn kan tí ó jẹ́ ti ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀, tàbí tí wọ́n jọ ní àdéhùn. Oògùn yóò máa dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí lóṣooṣù, wọn yóò sì máa yọ owó ní báńkì rẹ̀ lóṣooṣù. Èló ni ti dókítà nínú owó náà? Èló ni ti oògùn? Èló ni ti ẹni tí ó gbé e wá? Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Oògùn kan náà sì lè wà ní ìkóríta àdúgbò rẹ̀ ní owó tí kò tó ìdajì èyí tí ó ń san. Ní ọdún 2006 ni ilé ìtajà Walmart bẹ̀rẹ̀ sí ta ọ̀pọ̀ oògùn tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe, èyí tí ènìyàn yóò lò fún ọgbọ̀n ọjọ́, ní dọ́là 4 péré, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn.

Bí obìnrin yìí bá fẹ́ lọ rà á níbẹ̀ ńkọ́? Wọn yóò bi í pé ìwé oògùn rẹ̀ dà. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá sì ti pá a lórí, ohun tí yóò ṣe kò ṣòro láti mọ̀: yóò máa lo oògùn náà ní ọjọ́ kan, yóò fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, tàbí kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá. Àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kí ó tó ṣe ènìyàn léṣe.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lọ sọ́dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀ rí yóò mọ̀ pé lẹ́yìn àyẹ̀wò, onísègùn a máa ka ohun tí aláìsàn yóò wá fún un: ewé, egbò, èèpo igi, àti àwọn èròjà mìíràn. Aláìsàn tàbí ìbátan rẹ̀ ni yóò gba ọjà lọ, sọ́dọ̀ eléwé ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà. Bí ti ìyá kan bá wọ́n, yóò kọjá sọ́dọ̀ ìyá kejì, yóò ná an, yóò sì tún padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ bí ó bá wù ú. N kò sọ pé ìlànà yìí kò ní àbùkù. Onísègùn lè ní ewé tirẹ̀ nílé tí yóò fi owó gọbọi lé lórí, ó sì lè darí ènìyàn sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń pín èrè. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn èròjà náà wà ní ẹnu aláìsàn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó sì gbé e dé ọjà. Ohun méjì yìí ni kí ẹ jọ̀wọ́ fi sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni àkọ́kọ́ tí òfin rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lókìkí ni Frederick Kejì, ọba Sicily. Láàrin ọdún 1231 sí 1241 ni ó ṣe àwọn òfin kan fún àwọn dókítà àti àwọn apòògùn ìjọba rẹ̀. Ó pàṣẹ pé dókítà kò gbọdọ̀ bá apòògùn dòwò pọ̀, kò sì gbọdọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tirẹ̀. Ó dá iye tí dókítà lè gbà fún ìbẹ̀wò, ó ní kí wọ́n tọ́jú tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi òdiwọ̀n sí èrè tí apòògùn lè jẹ. Ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí ni pé ó dá owó dókítà lọ́tọ̀, ó dá owó oògùn lọ́tọ̀, ó wá mọ odi sí àárín wọn. Àárín odi yẹn ni ìtàn wa wà. Bí ó bá ti wó, owó kan a wọ inú èkejì, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè sọ èwo ni èwo.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí ó gbà wó yani lẹ́nu, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àwòrán ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù lónìí.

Títí di ọdún 1617, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn apòògùn Lọ́ńdọ̀nù wà pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ata àti èròjà ọbẹ̀. Ní ọdún yẹn ni Ọba James Kìn-ín-ní fún wọn ní àṣẹ láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn lójú òfin ni kí wọ́n po ohun tí dókítà bá kọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò pọ̀, owó wọn sì ga. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ apòògùn ni mẹ̀kúnnù ń gbà lọ tààrà. Apòògùn a wo ojú rẹ̀, a fọwọ́ kan iṣan rẹ̀, a sì fún un ní oògùn. Inú àwọn dókítà kò dùn sí i.

Alápatà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Seale. Ara rẹ̀ kò yá, ó lọ sọ́dọ̀ apòògùn tí ń jẹ́ William Rose. Rose fún un ní oògùn títí, ara rẹ̀ kò sì yá, ni ó bá kọ owó oògùn fún un: 50 pọ́n-ùn, owó ńlá gbáà ní ayé ìgbà náà. Seale fi ẹjọ́ sun Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà ti ṣí ilé oògùn fún àwọn tálákà ní ọdún 1698, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́jú Seale tí ó fi gbádùn, ní owó tí kò tó 40 ṣílè. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan, nítorí náà kò tó pọ́n-ùn méjì. Ẹgbẹ́ náà pe Rose lẹ́jọ́ pé ó ń ṣe iṣẹ́ dókítà láìgba àṣẹ, ilé ẹjọ́ sì kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, wọ́n sì dá a láre ní ọdún 1704.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹjọ́ náà ni ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kọ sílẹ̀ nípa owó. Wọ́n rí i pé Rose kò gba kọ́bọ̀ fún ìmọ̀ràn; oògùn nìkan ni ó gba owó lé lórí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, apòògùn lè wo aláìsàn, kí ó sì gbà á nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò lè béèrè owó fún un. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹ̀wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́: ọ̀fẹ́ ni ìyẹ̀wò. Ẹni tí yóò jẹun nínú iṣẹ́ náà ní láti fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò oògùn.

Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ìgò pọ̀. Ohun tí aláìsàn ìbá mu nínú ìgò kan ni wọ́n ń pín sí ìgò kéékèèké, wọn a sì gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìmọ̀ràn àti ìsinmi nìkan ìbá tó fún kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí pé bí ó bá lọ lọ́wọ́ òfo, lọ́wọ́ òfo ni apòògùn náà yóò wà. Ẹ̀wẹ̀, n kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé olè ni gbogbo wọn. Adam Smith fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1776. Ó ní àwọn ènìyàn a máa fi èrè apòògùn ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní èrè yẹn kò ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbà ju kí ó gbé e ka orí oògùn. Mo gbà pẹ̀lú Smith. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní gbọ́ kí n sọ pé owó tí ilé ìwòsàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lé sórí oògùn jẹ́ ìrẹ́jẹ ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ owó iṣẹ́ tó tọ́. Ohun tí ó burú ni pé a kò lè mọ̀, àti pé ẹni tí ó fi oúnjẹ rẹ̀ sínú ìgò yóò máa wá ọ̀nà àtita ìgò.

(Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti ra káàdì ní ilé ìwòsàn aládàáni ní ilẹ̀ wa, tí dókítà sì gbé àpò oògùn lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú iye owó kan ṣoṣo lórí ìwé pélébé, mọ ohun tí Smith ń wí.)

Ó tó nǹkan bí ọdún 1830 kí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé apòògùn lè béèrè owó fún iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an. Òfin 1815 ti kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀kọ́ àti ìdánwò tí wọn yóò ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn di dókítà ìdílé, tí wọ́n sì ń ta oògùn fúnra wọn. Òfin Ìbánigbófò ti ọdún 1911, èyí tí Lloyd George gbé kalẹ̀, ni ó tún odi Frederick mọ: dókítà yóò máa kọ, apòògùn yóò máa tà, àyàfi ní abúlé tí kò sí apòògùn nítòsí. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ṣílè kan lórí ìwé oògùn lábẹ́ ètò ìlera ìjọba. Wọ́n pa á rẹ́ ní 1965, wọ́n sì dá a padà ní 1968. Wales, Àríwá Ireland àti Scotland ti pa á rẹ́ pátápátá láàrin 2007 sí 2011. Ní England, ó di 9.90 pọ́n-ùn lórí oògùn kọ̀ọ̀kan ní 2024. Àwọn kan kórìíra owó yìí, wọ́n sì ní ìdí. Síbẹ̀, ojú gbangba ni ó wà, aláìsàn sì mọ̀ ọ́n kí ó tó gbéra nílé. Nígbà tí wọ́n sọ ìwé oògùn di ti inú ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan ilé oògùn tí yóò máa lọ.

Kì í ṣe Yúróòpù nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2000 ni òfin ya dókítà kúrò nídìí oògùn títà ní Gúúsù Korea, ọ̀pọ̀ dókítà sì da iṣẹ́ sílẹ̀ léraléra lọ́dún náà títí ìjọba fi fi kún owó ìyẹ̀wò wọn. Ní Ṣáínà, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ń lé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sórí oògùn kí wọ́n lè rí owó ná, títí wọ́n fi fòpin sí i ní gbogbo wọn ní ọdún 2017. Níbi méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni: bí a bá yọ owó kúrò nínú ìgò, a ní láti wá ibòmíràn fi í sí, kí a sì gbà pé ìmọ̀ràn ní iye.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti gbà sílẹ̀, ìyẹn sì ni ó mú kí ìtàn tiwọn yàtọ̀. Ojú ni ó ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn ojú a máa yẹ ojú wò, wọn a sì kọ̀ láti fún ènìyàn ní ìwé tí yóò fi ra awò níbòmíràn. Ní ọdún 1978, àjọ FTC, tí ń mójútó òwò ní ìjọba àpapọ̀, ṣe òfin pé gbàrà tí ìyẹ̀wò bá ti parí, kí oníṣègùn ojú fún aláìsàn ní ìwé awò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Ní 2003 ni ilé aṣòfin ṣe irú rẹ̀ fún awò tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Òfin àpapọ̀ irú èyí kò sí fún ẹ̀jẹ̀, fún ọkàn, tàbí fún orí fífọ́.

Kí ló dé tí wọn kò ṣe é? Èrò tèmi ni pé wọn kò rí i pé ó nílò òfin. Ìwé pélébé ni dókítà ń kọ, ọwọ́ aláìsàn ni ó sì ń fi í sí. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà. Ó lè gbé e lọ síbi tí ó wù ú, bí ẹni tí ó gba orúkọ ewé lẹ́nu onísègùn. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ rọ́pò ìwé, nítorí ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání: àwọn ọ̀daràn ń ṣe ayédèrú ìwé oògùn olóró, ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn dókítà sì ń ṣini lọ́nà. Ìpínlẹ̀ New York sọ ọ́ di dandan ní oṣù Kẹta ọdún 2016. N kò rí ẹni tí yóò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé lọ, ẹ̀tọ́ tí ó dì mọ́ ọn bá a lọ, kò sì sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀.

Wọ́n kúkú ní òfin mìíràn. Òfin 1972 kan sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn gba owó nítorí pé ó darí aláìsàn síbì kan. Òfin mìíràn tí aṣòfin Pete Stark ṣe ní 1989, tí wọ́n sì fẹ̀ lójú ní 1993, kò fẹ́ kí dókítà darí aláìsàn sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹ èrè. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni òfin méjèèjì ń ṣọ́. Bí aláìsàn bá fi owó ara rẹ̀ san, wọn kò kàn án, àyàfi bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ní òfin tirẹ̀. Owó ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà àwọn ilé ìwòsàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń san. Níbi tí odi kò sí ni wọ́n kọ́ ilé sí.

Òkùnkùn inú ọ̀rọ̀ owó oògùn kò tilẹ̀ mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àdéhùn wà tí ó fi òfin de apòògùn pé kò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà pé oògùn rẹ̀ yóò pọ́ọ́kú sí i bí ó bá fi owó ara rẹ̀ rà á dípò kí ó lo ìbánigbófò. Apòògùn mọ̀, ó ń wo aláìsàn lójú, kò sì lè sọ. Òfin méjì ni wọ́n ṣe lóṣù náà láti tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ FTC fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ NextMed, tí ń bá àwọn tí ó fẹ́ dín ọ̀rá ara wọn kù ṣe. Ẹ̀sùn náà ni pé iye owó tí wọ́n ń polówó kò ní owó oògùn nínú, kò ní owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nínú, wọn kò sì fi èyí hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 150,000 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ẹ ó rí i pé èyí jẹ́ òdìkejì obìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti obìnrin yẹn, wọ́n fi owó dókítà pamọ́ sínú oògùn. Ti èyí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn náà ti wí, wọ́n fi oògùn pamọ́ sẹ́yìn owó ìforúkọsílẹ̀. Àwọn tí ń ṣe oògùn gan-an náà ti dé ibẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni Eli Lilly ṣí ojúlé tirẹ̀, Pfizer sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ. Láti ibẹ̀ ni aláìsàn ti lè dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí oògùn sì bá a nílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni aṣòfin Richard Durbin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé bi wọ́n nípa àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn dókítà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kì í san owó fún dókítà kí ó lè kọ oògùn àwọn. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà alóògùn wọlé ti mọ oògùn tí yóò bá jáde.

Ẹnì kan lè dìde báyìí kí ó sọ pé mo ń ṣe ìlara ohun tí ó rọrùn. Ó yẹ kí n dá a lóhùn. Àwọn ilé ìwòsàn yìí ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí dókítà jìnnà sí, ẹni tí ojú ń tì láti sọ àìsàn rẹ̀, ẹni tí kò ní ìbánigbófò, àti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Houston tàbí Maryland tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjì lóòjọ́. Iye owó kan ṣoṣo tún máa ń fi ọkàn àwọn mìíràn balẹ̀: wọ́n mọ ohun tí yóò jáde lóṣù, ó sì tán. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Àwọn apòògùn àti mẹ̀kúnnù Lọ́ńdọ̀nù náà nìyẹn ní 1704: Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù dá Rose láre nítorí pé bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, tálákà kò ní rí ẹni wò ó. Ìdájọ́ náà gba àwọn ènìyàn là, ó sì fi owó wọn sínú òkùnkùn fún nǹkan bí 126 ọdún. Ohun méjèèjì ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n dá odi Frederick padà, kí ilé ìwòsàn má ṣe ní ilé oògùn mọ́ rárá. Èmi kò rò pé yóò ṣeé ṣe ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà yóò pín ara wọn sí méjì lórí ìwé, wọn yóò sì máa jẹun nínú àwo kan náà. Ohun tí ó wà nílẹ̀ tí wọ́n lè nawọ́ mú ni òfin awò ti 1978. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Kí wọ́n yọ ojú kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi gbogbo ara sí i: gbàrà tí ìyẹ̀wò bá ti parí, kí ìwé oògùn hàn lórí fóònù aláìsàn pẹ̀lú orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀, kí àwọn ilé oògùn tí ó lè fi ránṣẹ́ sí wà lábẹ́ rẹ̀, kí owó dókítà wà lọ́tọ̀, kí owó oògùn wà lọ́tọ̀, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Àwọn oníṣègùn ojú sọ ní ayé ìjọ́sí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò pa òwò àwọn. Wọ́n ṣì ń ta awò títí di òní.